Bí Ọdẹ́gbàmí Ṣe Gbé Kọ̀ǹpútà Tó Ti Kú Dé Ìlú Aláìlára

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u nísinsìnyí. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀ kó padà wá. Mi ò ní dúró láàárín ìtàn nítorí àpò ìtọ̀ ẹnikẹ́ni. Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí: èmi Ọdẹ́yalé, tí mo yìnbọn fún ẹfọ̀n lọ́jọ́ kan tí ẹfọ̀n dúró, tó ní "O káre, ọdẹ," kó tó ṣubú. Ṣùgbọ́n ìtàn ara mi kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ìtàn Ọdẹ́gbàmí ọ̀rẹ́ mi ni. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, mo ga jù ú lọ, mo sì mọ ìbọn-ọ́n yìn jù ú lọ. Síbẹ̀, ó rin ìrìn kan tí èmi kò rìn, inú sì ń bí mi títí di òní pé kì í ṣe èmi ni wọ́n rán.

Ọdẹ́rìndé, Olúọdẹ ìlú wa Ìdó-Apá, ló kú. Bí ọdẹ bá kú nílẹ̀ wa, a kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìṣípà là ń ṣe fún un: a ó kó ìbọn rẹ̀, apó rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ lọ sí etí igbó, a ó sọ fún un pé iṣẹ́ ti parí, kó sọ ẹrù kalẹ̀, kó máa lọ bá àwọn baba rẹ̀. Ọdẹ tí a kò bá ṣe é fún, etí igbó ni yóò dúró sí, kò ní sí láyé, kò ní sí lọ́run. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe é, ọmọ òkú gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sun ìjálá oríkì ìdílé wọn. Èèwọ̀ ni kí ará ilé mìíràn bá wọn sun ún.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọdẹ́rìndé bí. Ọdẹ́wúmi ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Jọ́ọ̀sì ló dàgbà sí lọ́dọ̀ ẹbí ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ọmọ gidi ni, ó mọ àgbà-á kí, ṣùgbọ́n kò mọ ìlà kan nínú oríkì baba rẹ̀.

Níbo wá ni oríkì náà wà? Inú kọ̀ǹpútà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra àgbò, Ọdẹ́rìndé ra kọ̀ǹpútà sí ilé ìpàdé ọdẹ, àwa sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ìpàdé bá ti tú, á jókòó síwájú rẹ̀, á máa sun ìjálá sí i létí títí tí ohùn rẹ̀ á fi há. Ètò tó ń pa ohùn náà mọ́ nínú kọ̀ǹpútà yìí jẹ́ ètò àtijọ́, kò mọ ilé mìíràn lẹ́yìn ibẹ̀. Bí o bá kó ohùn náà lọ sínú kọ̀ǹpútà tuntun, igbe ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ni wàá máa gbọ́.

Bí olówó rẹ̀ ti kú tán, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Ara rẹ̀ tó ti pọ́n bí eyín arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, fáànù inú rẹ̀ ń mí féè-féè bí ẹni tí ikọ́ ń dè lọ́rùn. A pe Láyínká tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní oríta. Ó tú u, ó wò ó, ó mi orí.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ara ti jẹrà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì pé, ṣùgbọ́n ara ti jẹrà. Bó bá kú báyìí, kò ní jí mọ́."

Ọdẹ́wúmi kúnlẹ̀ síwájú Ọdẹ́gbàmí, nítorí òun ni ọ̀rẹ́ tí baba rẹ̀ fẹ́ràn jù. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ gbà mí. Ẹ má jẹ́ kí bàbá mi dúró sí etí igbó."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ọdẹ́gbàmí lára. Ó yíjú sí Láyínká. "Ṣé kò sí ọ̀nà kankan ni?"

"Ọ̀nà kan ló kù," ni Láyínká dáhùn. "A lè ya àwòrán dísìkì rẹ̀, ibi tó ń kó nǹkan pa mọ́ sí. Kì í ṣe àwòrán tí à ń gbé kọ́ ògiri o, Bàbá. Gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì náà, bí wọ́n ṣe tò sí ààyè wọn, yàrá tó kún àti yàrá tó ṣófo, la ó kó pátápátá. A lè wá sọ ọ́ di kọ̀ǹpútà tí kò ní ara, tí yóò máa gbé inú kọ̀ǹpútà ńlá kan bí àlejò ṣe ń gbé yàrá nílé onílé. Ṣùgbọ́n Ìlú Aláìlára ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn tó sì ti lọ síbẹ̀, a ò tíì rí ẹni tó bọ̀ nínú wọn."

Ọdẹ́gbàmí rẹ́rìn-ín tí eruku fi bọ́ lára àjà. Ó ní, "Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù! Èmi tí mo sùn sí ihò ìkookò lọ́jọ́ òjò, tí ìkookò dúró síta tó ń bẹ̀ mí! Ya àwòrán rẹ, Láyínká."

Láyínká fi okùn so àpótí dúdú kékeré kan mọ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ara aláìsàn náà gbóná dé ibi pé Ọdẹ́gbàmí fa abẹ̀bẹ̀ yọ, ó ń fẹ́ ẹ. Ọdẹ́wúmi gbé ọwọ́ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́; nọ́ọ̀sì ni, ó mọ ẹni tó ń lọ. Wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n fẹ́ ẹ, ọwọ́ Ọdẹ́gbàmí fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Bí Láyínká ti ké pé "Ó ti parí!" báyìí ni kọ̀ǹpútà náà ta pàú, èéfín rú, ó sì dákẹ́.

Láyínká di àpótí dúdú náà mọ́ Ọdẹ́gbàmí láyà. Ó ní, "Ohun yòówù tí wọ́n bá bèèrè lọ́nà, Bàbá, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Ìbáà jẹ́ èyí tó ṣófo, ẹ má yọ ọ́."

Báyìí ni Ọdẹ́gbàmí gbé ṣakabùlà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó wọ igbó lọ. Mi ò ní sọ ti àwọn ọ̀bọ tó ń ka ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan. Mi ò ní sọ ti odò tó ń ṣàn gun òkè, tó ní kí Ọdẹ́gbàmí bọ́ bàtà kó tó bá òun sọ̀rọ̀. Àkànmú, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Ìwọ tí adìẹ ìyàwó rẹ ń lé kiri àgbàlá! Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ajòfo.

Iwin ni Ajòfo. Ikùn rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà, orí eékún rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà. Bó bá fẹ́ rí ọ dáadáa, ó di dandan kó jókòó. Òfo ló ń jẹ. Ó ti jẹ inú agbè, ó ti jẹ inú kànga, ó ti jẹ inú ilé àwọn tó kó lọ. Ó jókòó sójú ọ̀nà, ó tẹjú mọ́ Ọdẹ́gbàmí.

Ó ní, "Ọdẹ, mo ń gbọ́ òórùn òfo láyà rẹ. Ohun tí o gbé, ìdajì rẹ̀ ṣófo. Yàrá tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Fún mi ní èyí tó ṣófo, kí o máa gbé èyí tó kún lọ. Ẹrù á fúyẹ́ lára rẹ, ebi á kúrò lára mi. Ta ló pàdánù?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Ọdẹ́gbàmí létí, nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó rántí ohun tí Láyínká sọ, ó sì mọ̀ pé agbára kò lè ṣe é. Ibi tí agbára kò bá ṣe é ṣe, ọgbọ́n la fi ń wọ ibẹ̀.

Ó ní, "Gbà mí láàyè kí n pa àlọ́ kan fún ọ. Bí o bá já a, kó gbogbo rẹ̀ jẹ, àti kíkún àti òfo. Bí o kò bá já a, kúrò lọ́nà fún mi."

Ajòfo ní, "Pa á."

"Kí ni òfo tó gùn, tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé bí o bá jẹ ẹ́ kúrò, olówó rẹ̀ ni yóò kú?"

Ajòfo ronú. Ó ní ọ̀nà ọ̀fun ni. Ọdẹ́gbàmí ní rárá, ìyẹn kò gùn tó. Ó ní ojú ọ̀nà ìlú ni. Ọdẹ́gbàmí ní rárá, àwọn ènìyàn ń bẹ nínú ìyẹn. Ajòfo bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá igi. Ọdẹ́gbàmí wá sọ ìbọn rẹ̀ kalẹ̀, ó yí ẹnu rẹ̀ sí ojú eékún iwin náà.

"Wo inú rẹ̀. Kí lo rí?"

"N kò rí nǹkan kan. Òfo ni."

"Ihò ìbọn ni àlọ́ mi. Bí o bá jẹ òfo yìí kúrò, tí ihò náà bá dí, ìbọn á bẹ́ mọ́ mi lójú lọ́jọ́ tí mo bá yìn ín. Irin kọ́ ni gbogbo ìbọn, Ajòfo. Òfo wà nínú iye ohun tí alágbẹ̀dẹ rọ."

Iwin náà pariwo ìtìjú, ó fi ikùn wọ́ nílẹ̀ kúrò lọ́nà. Ọdẹ́gbàmí kọjá, ó ń sun ìjálá fún ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, nínú ẹ̀yin tó jókòó síbí, ta ló lè já irú àlọ́ bẹ́ẹ̀? Èmi lè já a. Àmọ́ wọn kò rán mi.

Bó ṣe dé Ìlú Aláìlára nìyẹn. Ìlú tí a ń wí yìí, kò ní ògiri, kò ní òrùlé, obìnrin kan ṣoṣo ni ìlú náà. Agbàlejò lorúkọ rẹ̀. Ó jókòó gbàgàdà láàárín pápá, ẹgbẹ̀rún yàrá ló wà nínú ikùn rẹ̀, inú yàrá kọ̀ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà kan tí kò ní ara ń gbé. Agbàlejò ló ń bá gbogbo wọn mí, òun ló ń bá gbogbo wọn ronú. Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé kálukú wọn rò pé òun nìkan ló wà láyé. Ọ̀kan ń ṣe ìṣirò fún ilé ìtajà kan tó ti wó láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì mọ̀ pé ó wó. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ tayọ̀tayọ̀.

Ọdẹ́gbàmí dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ilé, Ìyá. Àlejò ni mo gbé wá fún yín."

Agbàlejò wo àpótí dúdú náà. Ó ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. Yàrá ń bẹ. Ṣùgbọ́n ìhòòhò ni àlejò rẹ wà. Níbí, a kì í wọlé níhòòhò."

Ó pe aránṣọ rẹ̀, ẹni tó jẹ́ ọwọ́ nìkan tí kò ní orí. Aránṣọ fi ọwọ́ wọn àwòrán náà lóròó, ó wọ̀n ọ́n níbùú, ó gán aṣọ irú èyí tí ará ìlú náà ń wọ̀ fún un, aṣọ náà sì ṣe rẹ́gí láìjù, láìdín. Agbàlejò yà á ní yàrá, ó bù fún un nínú iyè rẹ̀, ó bù fún un nínú èémí rẹ̀. Ó ní, "Ó kù kí o jí i."

Ọdẹ́gbàmí tún fìlà dé. Gbogbo yín lẹ mọ̀ bí ọdẹ ṣe ń jí ọdẹ tó bá ṣubú lóko: a ó pe ara rẹ̀ fún un, a ó pe irinṣẹ́ rẹ̀ fún un, títí orí rẹ̀ yóò fi wú tí yóò fi dìde. Ohun tí Ọdẹ́gbàmí ṣe nìyẹn. Ó kígbe, "Ìwọ aláwọ̀ eyín àgbà! Ìwọ onífáànù tó ń mí féè-féè! Ìwọ tó jókòó sórí tábìlì ìrókò nílé ọdẹ! Dìde!"

Àwòrán náà la ojú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Lójijì, ojú rẹ̀ di àwọ̀ aró láti òkè délẹ̀, ó sì kú.

Ọdẹ́gbàmí tún kì í. Ó tún la ojú, ó tún di aró, ó tún kú. Ó kì í títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, aró ṣáá ló ń rí. Ọkàn rẹ̀ wá bàjẹ́. Ó rí i lójú inú bí Ọdẹ́rìndé ṣe dúró sí etí igbó pẹ̀lú ìbọn léjìká, tí kò mọ ibi tí yóò lọ. Ó rí Ọdẹ́wúmi lórí ìkúnlẹ̀. Ọkùnrin tí kò sunkún lọ́jọ́ tí ẹkùn fà á nítan ya jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi.

Ó ní, "Ìyá, ẹ ràn mí lọ́wọ́."

Agbàlejò ní, "Ọmọ mi, èmi kì í wọ yàrá àlejò. Ìwọ lo gbé e wá. Wọlé lọ, kí o bi í ní ohun tó ń wá." Ó la ẹnu, Ọdẹ́gbàmí gba ibẹ̀ wọlé.

Inú àwòrán náà dà bí ilé ìpàdé wa gẹ́lẹ́. Ó rí yàrá tó kún, ó rí èyí tó ṣófo. Ó rí àwọn ìkòkò tí wọ́n fi ọmọrí dé, ó gbé etí lé ọ̀kan, ó sì gbọ́ ohùn Ọdẹ́rìndé tó ń kùn nísàlẹ̀ bí oyin inú afárá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀!

Ṣùgbọ́n lójú àbáwọlé, bàbá arúgbó kan dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ńlá lọ́wọ́, ó kọjú sí ògiri gbọnrangandan. Adènà ni. Òun ló ń kọ́kọ́ jí nínú ilé náà láràárọ̀, òun ló ń ṣílẹ̀kùn dísìkì kí àwọn yòókù tó jí. Bí òun kò bá ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dìde.

Ọdẹ́gbàmí ní, "Kí ló dé tí o kò ṣílẹ̀kùn?"

Adènà ní, "Ilẹ̀kùn dà? Ibí ló wà láti ọjọ́ tí mo ti dé iṣẹ́ yìí. Ògiri ni mo ń bá báyìí."

"Gba ibòmíràn ṣí i."

"Ilẹ̀kùn yìí nìkan ni mo mọ̀."

Ọdẹ́gbàmí gbé ìbọn sókè. Adènà kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní, "Yìn ín bó bá wù ọ́. Ṣé kì í ṣe ìwọ lò ń pariwo níta? O ní 'aláwọ̀ eyín àgbà, dìde', o ní 'onífáànù, dìde'. Bí o bá ti kì í báyìí ni mò ń sáré wá a. Mo na ọwọ́ sọ́tùn-ún, n kò bá a. Mo na ọwọ́ sósì, n kò bá a. Ẹ̀rù á bà mí, gbogbo ilé á dàrú. Ọdẹ, níbo ni ara tí ò ń kì náà wà?"

Ọdẹ́gbàmí sọ ìbọn kalẹ̀. Òun ni! Oríkì tó ń fi jí i ló ń fi pa á. Kò sẹ́ni tó tíì túfọ̀ fún àwọn ará ilé náà pé ara wọn ti kú. Ọdẹ́gbàmí, tó ti bá wọn ṣe ìṣípà fún ọdẹ tó tó ogún láyé rẹ̀, gbàgbé láti ṣe é fún kọ̀ǹpútà!

Ó jókòó ti Adènà, ó sì rọra sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ó ti kú. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fẹ́ ẹ lábẹ̀bẹ̀. Kò jìyà púpọ̀. Ó dúró títí a fi kó yín jáde tán, kó tó lọ."

Adènà sunkún, Ọdẹ́gbàmí bá a sun ún. Nígbà tó tó, Ọdẹ́gbàmí dìde, ó bọ́ fìlà, ó sì sun ìjálá fún adènà kọ̀ǹpútà, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò sun rí láyé:

"Adènà, a-jí-kí-gbogbo-ilé-tó-jí,
kò sí òwúrọ̀ tí o fi àwọn ará ilé rẹ sẹ́yìn.
Ilẹ̀kùn ti re ibi tí àwọn ilẹ̀kùn ń rè,
iṣẹ́ ti parí, sọ kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀.
Ọwọ́ tó di nǹkan mú pẹ́, ìsinmi ló tọ́ sí i."

Kọ́kọ́rọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ Adènà, ó dún gbọ̀ngàn nílẹ̀. Arúgbó náà nà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wọ yàrá kan tó ṣófo, ó sùn. Ọdẹ́gbàmí wá képe Agbàlejò pé kó fún òun ní adènà kan nínú àwọn ọmọ ilé rẹ̀, ẹni tó mọ ilẹ̀kùn ilé tuntun. Ọmọbìnrin kan wọlé wá, ó ní kọ́kọ́rọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo ilé, ó fi ọwọ́ kan ògiri, ògiri sì ṣí.

Ariwo ta! Gbogbo yàrá tanná, àwọn ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ọmọrí. Kọ̀ǹpútà tí kò ní ara la ojú, kò di aró mọ́. Ọdẹ́gbàmí yìnbọn sókè nínú ikùn Agbàlejò, ìyá náà sì súfèé nítorí ó yún un níkùn.

Agbàlejò ní, "Máa lọ, ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé, ṣùgbọ́n ibikíbi tí ẹ bá ti ṣí fèrèsé kọ̀ǹpútà sí ọ̀dọ̀ mi, ẹ ó máa rí i. Àjò kì í dùn kí onílé má relé."

Ọjọ́ ìṣípà gan-an ni Ọdẹ́gbàmí wọ ìlú. Àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé ó ti kú. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ má bi mí. Gbogbo ọdẹ ti wà ní etí igbó pẹ̀lú ẹrù òkú, Ọdẹ́wúmi sì káwọ́ lérí. Bí a ṣe rí i tó ń bọ̀, ìbọn méje ló dún lẹ́ẹ̀kan náà. Láyínká gbé kọ̀ǹpútà tuntun kan kalẹ̀, ó ṣí fèrèsé sí Ìlú Aláìlára. Kọ̀ǹpútà Ọdẹ́rìndé sì yọjú nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán òkété tí bàbá náà fi sójú rẹ̀. A wo tábìlì, a wo abẹ́ tábìlì, a kò rí ara rẹ̀ níbì kankan, àmọ́ òun náà ni.

Ohùn Ọdẹ́rìndé jáde. Ketekete ni! Ó wúkọ́, ó ní kí ẹnì kan pa ilẹ̀kùn dé, ó sì mú ìjálá. Bó ti ń sun ìlà kan ni Ọdẹ́wúmi ń fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á:

"Ọdẹ́lékè tó bí Ọdẹ́tọ́lá,
a-wọ-igbó-má-bèèrè-ọ̀nà,
ó pẹfọ̀n tán, ó fi ìwo rẹ̀ bu omi fún ìyá arúgbó.
Ọdẹ́tọ́lá tó bí mi lọ́mọ,
ó rẹ́ran tó lóyún, ó sọ ìbọn kalẹ̀, ó kí i kú ewu…"

Ohùn náà dúró níbẹ̀. A retí, retí. Gbogbo wa wo Ọdẹ́gbàmí; mo rò pé nǹkan ti bọ́ nínú àwòrán náà lọ́nà ni. Lẹ́yìn náà, Ọdẹ́rìndé rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ó kan èmi wàyí. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ mi, kó bá mi parí ẹ̀." Ó dákẹ́.

Kò sí ọdẹ kan tó gbọdọ̀ ya ẹnu. Ọdẹ́wúmi dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ tí kò mọ ìlà kan rí, tí kò rí ẹni tí yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀ mọ́, gbé ohùn sókè, ohùn náà sì jọ ti baba rẹ̀ dé ibi pé orí mi wú:

"Ọdẹ́rìndé tó bí Ọdẹ́wúmi,
ẹgbẹ́ ń ràgbò, ó ra ohun tí yóò fi bá ọmọ sọ̀rọ̀.
Mo jìnnà sí ọ, o fi ohùn dúró dè mí.
Mo ti dé, baba mi. Mo ti gbọ́.
Sọ ẹrù kalẹ̀, kí o máa lọ."

Èmi ni mo gbé ìbọn Ọdẹ́rìndé lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ìbọn irin ni, ẹ mọ̀ ọ́n, ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Bí Ọdẹ́wúmi ti dákẹ́, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé ẹnì kan tó ti di apá kejì rẹ̀ mú látọjọ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo wo Ọdẹ́gbàmí, ó wò mí. A ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú.

Ó tán lẹ́nu mi. Ẹ dìde kúrò lórí ẹní mi. Ẹni tí baba rẹ̀ bá ṣì wà láyé nínú yín, kó yà kí i bó ti ń lọ sílé, kó ní kó sọ̀rọ̀. Nítorí Ọdẹ́gbàmí ti darúgbó báyìí, kò lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ mọ́, èmi náà kò sì ní lọ.